Agolo Òjò Tó Wà Lẹ́yìn Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Mi

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù kẹsàn-án

Ìwé tuntun nìyí. Ìwé ti ọ́fíìsì ojú ọjọ́ wà lọ́tọ̀, iye òjò nìkan ni wọ́n ń fẹ́ nínú ìyẹn. Èyí jẹ́ tèmi. Kí n tó kọ ohunkóhun sínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ ibi tí mo ti ń bọ̀, kí ẹni tó bá rí i lẹ́yìn mi má baà rò pé inú ọlá ni wọ́n bí mi sí.

Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì. Ibẹ̀ ni ìwé kíkà mi parí sí. Mo ru yanrìn láti etí odò fún ọdún mẹ́ta, irun àárín orí mi kò hù dáadáa mọ́ títí di òní. Mo sùn sórí àpò sìmẹ́ǹtì. Mo já bọ́ láti orí lọ́rì, eegun ìhà mi méjì dá, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ búlọ́ọ̀kù gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò dágbére. Nígbà tí mo ní ẹ̀rọ tèmi, òjò ọ̀sán kan ṣoṣo ba ẹgbẹ̀rún méjì búlọ́ọ̀kù tútù jẹ́, gbogbo rẹ̀ di ẹrẹ̀ níṣojú mi. Mi ò sunkún. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé òjò kò ní bá mi lójijì mọ́ láyé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Nígbà tí àwọn ọ́fíìsì ojú ọjọ́ wá ń wá ẹni tí yóò máa wọn òjò fún wọn lórí òkè yìí, èmi ni wọ́n rí. Wọn ò gbé e fún Tíṣà tó ń gbé òdìkejì títì, tòun ti ìwé ẹ̀rí mẹ́ta tó fi kọ́ ara ògiri. Èmi oníkíláàsì kejì ni wọ́n gbé agolo òjò fún, pẹ̀lú gíláàsì onílà tí a fi ń wọn omi inú rẹ̀. Ọdún kọkàndínlógún rèé. Tí aago mẹ́fà àárọ̀ bá lù, mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Òjò ni tọmọdé tàgbà ń pè mí.

Oṣù tó kọjá ni mo parí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi. Kò sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mìíràn lórí òkè yìí. Búlọ́ọ̀kù tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ni mo fi kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé.

Òjò àárọ̀ yìí: ìlà 6.

Ọjọ́rú, 3

Ìlà 11. Sìmẹ́ǹtì tún ti gbówó lórí. Oòrùn yọ lọ́sàn-án, a rí búlọ́ọ̀kù irínwó ṣe.

Kọ́ḿpútà pè mí. Ọmọbìnrin tó ń wo ojú ọjọ́ ní ọ́fíìsì ni mo sọ ní orúkọ yẹn, nítorí kì í gbójú kúrò lára ẹ̀rọ rẹ̀. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní, “Bàbá, ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bọ̀ yìí ò ní rọrùn o. Òjò ààrá ni mò ń rí, láti apá ìlà-oòrùn, léraléra. Tí iye ọjọ́ mẹ́ta bá ti kọjá ìlà ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ yín, ilẹ̀ ti mumi yó nìyẹn. Ẹyọ òjò ńlá kan péré ló kù kí odò kún lójijì. Ìgbà yẹn ni màá ní kí wọ́n kó àwọn ará ìsàlẹ̀ kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́ fún mi.”

Mo ní, “Ìgbà wo ni mo pẹ́ rí?”

“Ẹ ò pẹ́ rí, Bàbá. Èmi ni mò ń bẹ̀rù.”

Àbúrò mi obìnrin wà lára àwọn ará ìsàlẹ̀. Télọ̀ ni. Láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé rẹ̀ dé odò kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ.

Àbámẹ́ta, 6

Òjò ààrá rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná, atẹ́gùn rẹ̀ ṣí páànù méjì lórí ilé ẹ̀rọ mi. Ìlà 19.

Ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. “Bàbá Òjò, mélòó lẹ rí?”

“Mọ́kàndínlógún.”

“Abọ́ ìfọṣọ tí mo gbàgbé síwájú ilé kún dẹ́nu. Gbígbẹ ni mo fi í sílẹ̀.”

“Abọ́ ìfọṣọ ò kàwé. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ló ṣe agolo tèmi.”

“Ẹ̀yin náà ò ṣáà kàwé.”

A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé, mo lọ wo abọ́ náà.

Àìkú, 7

Mo dúró ti agolo fún ìgbà pípẹ́ lónìí, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ló wà láàárín agolo àti ògiri pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìlà-oòrùn ni òjò ààrá ti ń bọ̀, atẹ́gùn a sì máa tì í wá ní ẹ̀gbẹ́ ni, kì í wá lóòró. Ilé mi ló ń gbà á sára. Agolo wà lẹ́yìn ilé bí ẹni tó sá pamọ́ fún òjò.

Ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì tó gbé e wá, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì báyìí, fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ pẹ̀lú mi lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ó ní ohunkóhun tó bá ga, kó fi ìlọ́po méjì gíga rẹ̀ jìnnà sí agolo. Ó ní, “Tí ẹ bá fẹ́ kọ́ nǹkan sítòsí rẹ̀, ẹ pè wá, a ó wá gbé e kúrò.”

Mi ò pè wọ́n. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ibi kan ṣoṣo tó ṣí sílẹ̀ lágbàlá mi ni ibi tí mo ń sá búlọ́ọ̀kù sí, mi ò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Àgbàlá Tíṣà ní tirẹ̀, koríko lásán ni. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá dé, wọn yóò wo ọ̀dọ̀ mi, wọn yóò wo òdìkejì títì. Ta ni wọn yóò wá máa pè ní Bàbá Òjò?

Ìṣẹ́gun, 9

Lánàá mo gbé agolo ọ̀dà kan tí ara rẹ̀ tọ́ sáàárín ibi tí mo ń sá búlọ́ọ̀kù, níbi tí ògiri kankan kò sí. Mo sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ fi pọn omi ni. Òjò ààrá rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Láàárọ̀ mo ki rúlà bọ inú agolo ọ̀dà. Ọ̀gá àgbà ti sọ fún mi rí pé ìlà kékeré kan lórí rúlà ni ìlà kan nínú gíláàsì ọ́fíìsì. Mo kà á. Mo nu rúlà nù, mo tún kà á. 61.

Agolo ọ́fíìsì: 24.

Mo kọ 24 sínú ìwé wọn. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ẹ̀ẹ̀kan péré kò tó fi dájọ́, kí n wò ó lọ́la ná.

Ọjọ́rú, 10

Agolo, 8. Agolo ọ̀dà, 14. Mo fi 8 ránṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 11

Agolo, 21. Agolo ọ̀dà, 52. Mo fi 21 ránṣẹ́.

Aago mẹ́sàn-án, mo wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, Kọ́ḿpútà pè.

“Bàbá, ẹ má bínú o. Àwòrán òjò tí ẹ̀rọ wa ń yà ní ohun tó rọ̀ sórí òkè yín láàárín ọjọ́ mẹ́ta ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Tiyín jẹ́ mẹ́tàléláàádọ́ta.”

“Ṣé ẹ̀rọ yín kì í ṣì í ni?”

“Ó máa ń ṣì í, Bàbá. Tí yìnyín bá wà nínú òjò, àsọdùn ni yóò sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè. Ọ̀kan ni màá gbà nínú ẹ̀yin méjèèjì. Òjò mìíràn ṣì ń bọ̀ lọ́la, ó tóbi. Tó bá jẹ́ tẹ̀rọ ni mo gbà, màá kó àwọn ará ìsàlẹ̀ kúrò láàárọ̀ ọ̀la. Ìgbà tí mo kó wọn lẹ́ẹ̀kan, tí òjò ò rọ̀, ẹ mọ èébú tí mo jẹ. Ṣé kò sí ohun tó yí padà láyìíká agolo yín?”

Mo gbọ́ ìbéèrè yẹn ketekete. Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà gan-an ni mo jókòó sí. Lódìkejì títì, Tíṣà ń rìn kiri lórí koríko rẹ̀ pẹ̀lú rédíò kékeré létí.

Mo ní, “Ọmọ mi, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń wọn òjò yìí. O ò tíì mọ ọwọ́ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Tèmi ni kí o gbà.”

Ó mí kanlẹ̀. “Ẹ ṣé, Bàbá. Ọkàn mi ti balẹ̀.”

Ẹtì, 12

Mi ò lè kọ̀wé.

Àbámẹ́ta, 13

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àná ló bẹ̀rẹ̀. Ojú ọ̀run apá ìlà-oòrùn kọ́kọ́ dúdú bí ìdí ìkòkò, lẹ́yìn náà ló pọ́n. Mo ti gbọ́n ju kí n máa wo irú ojú ọ̀run bẹ́ẹ̀ níran. Mo wò ó níran. Mo ń retí kí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù, mo ń retí mọ́tò agbóhùnsókè nísàlẹ̀. Kò sí èyí tó wá, èmi ni mo sì mọ ìdí tí kò fi wá.

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ni mo ti rí omi náà. Ibẹ̀ nìkan ni èèyàn ti lè rí i lórí òkè yìí, àfi bíi pé Ọlọ́run fẹ́ kí n rí i. Kò wá díẹ̀díẹ̀. Ó wá pẹ̀lú igi àti ilẹ̀kùn àti àga, ó pọ́n bí omi yanrìn. Mo pe àbúrò mi. Ó gbé e. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, omi ti wọ ilé,” bí ẹni tí ń sọ pé àlejò dé. Fóònù já.

Orúnkún mi kò jẹ́ kí n sáré. Kí n tó dé ìsàlẹ̀, jórinjórin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti gé irin fèrèsé, ó ti fà á jáde. Ògiri ẹ̀yìn wó lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ilé mẹ́rìnlá ló wó. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá omi lọ.

Ẹnikẹ́ni ò kú. Mo tún un kọ: ẹnikẹ́ni ò kú. Kì í ṣe ọgbọ́n tèmi ló fà á.

Mo ka agolo láàárọ̀ yìí. 38. Agolo ọ̀dà ti kún kọjá ẹnu, mi ò mọ iye rẹ̀.

Àìkú, 14

Mo lọ sí ọsibítù. Wọ́n ti fi ohun funfun kan di ọwọ́ rẹ̀ láti ìka dé òkè ìgbọ̀nwọ́, ó le bíi búlọ́ọ̀kù. Dókítà ní eegun náà fọ́ sí mẹ́ta, pé yóò jinná, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí pé ìka rẹ̀ á tún di sísọ́ọ̀sì mú bíi tàtijọ́.

Ibùsùn mẹ́jọ ló wà nínú yàrá náà. Obìnrin tó wà ní ìkangun ń sọ pé ẹ̀bi àwọn ọ́fíìsì ojú ọjọ́ ni, pé oorun ni wọ́n ń sùn. Àbúrò mi gbà á lẹ́nu rẹ̀.

“Ẹ dúró, ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Òun ló ń wọn òjò fún wọn. Ọdún mọ́kàndínlógún, kò fo ọjọ́ kan. Iye tó tọ́ ló fún wọn, wọn ò lò ó ni.” Ó kọjú sí mi. “Àbí mo parọ́, ẹ̀gbọ́n mi?”

Gbogbo wọn ń wò mí. Wọ́n ń wò mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Mo ní, “Sinmi, má sọ̀rọ̀ púpọ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín sí obìnrin náà. “Kì í fẹ́ kí wọ́n yin òun.”

Èmi. Èmi tí mo lè fi odidi ìrọ̀lẹ́ yin ara mi fún ẹni tó wá béèrè ọ̀nà.

Ọjọ́rú, 17

Wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò. Wọ́n ti ní kí òṣìṣẹ́ tó yẹ kó kìlọ̀ fún aráàlú lọ rọ́kún nílé. Ìgbìmọ̀ olùwádìí yóò jókòó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù yìí. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, kó wá.

Ìyàwó mi pa rédíò. Ó gbé oúnjẹ síwájú mi, ó sì jókòó sí ọ̀kánkán mi, ó ń wò mí títí mo fi jẹun tán. Mi ò mọ adùn oúnjẹ náà.

Ẹtì, 19

Ìlà 0. Ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Ìyàwó mi ní, “Agolo ọ̀dà tí ẹ ní ẹ fẹ́ fi pọn omi, ẹ ò tíì fi pọn omi kankan o.”

“Mo mọ̀.”

“Èmi náà mọ̀. Mo rí yín pẹ̀lú rúlà láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Mo ní bóyá ẹ ti pe ọmọ yẹn.”

“Mi ò pè é.”

Ó ká aṣọ tó ń ká tán. Ó ní, “Ọdún méjìdínlógójì tí mo ti fẹ́ yín, ẹ ti ṣe mí ní oríṣiríṣi. Ẹ ò dójú tì mí rí.”

Mo rò pé yóò bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Ibẹ̀ ló fi í sí.

Ọjọ́ Ajé, 22

Tíṣà wá kí mi. Mo rí i tó ń sọdá títì, mo ní ọjọ́ ẹ̀sín ti pé. Mo gbé àga fún un nísàlẹ̀. Ojú ń tì mí láti mú un gun òkè.

Ó béèrè àlàáfíà àbúrò mi. Ó mu omi. Lẹ́yìn náà ló ní, “Bàbá Òjò, mo ti ń rí agolo yẹn lábẹ́ ògiri láti ìgbà tí ẹ ti kanlé. Mo ní ẹ ti sọ fún wọn. Mo ní kò yẹ kí n máa kọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń dùn mí pé mi ò bi yín.”

Mo wá sọ ọ́. Mi ò mọ bó ṣe jáde lẹ́nu mi. Mo ní, “Ẹ̀yin ni mò ń bẹ̀rù. Mo ní wọn yóò gbé e fún yín.”

Ó wò mí bíi pé mo sọ èdè mìíràn. “Èmi? Agolo aago mẹ́fà àárọ̀? Bàbá Òjò, ọdún márùndínlógójì ni mo fi jí fún aago iléèwé. Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì ni mo búra pé mi ò tún jí fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá gbé nǹkan yẹn wá, màá fi gbin òdòdó ni.”

Ó ń rẹ́rìn-ín kó tó rí ojú mi. Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí kò wu ẹnikẹ́ni ni mo fi ọwọ́ àbúrò mi ṣọ́.

Ọjọ́bọ̀, 25

Ìlà 0. Mi ò bá àwọn òṣìṣẹ́ mi jáde.

Kọ́ḿpútà pè mí lọ́sàn-án. Fóònù tirẹ̀ ni, kì í ṣe ti ọ́fíìsì. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé àbúrò mi wà lára àwọn tó fara pa, pé òun ò ní ojú tí òun lè fi wá kí i. Ó ń fa imú bí ẹni tí òtútù mú.

“Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mo rí àwòrán náà, mo sì fi í sílẹ̀.”

Mo ní, “Kí lo sọ fún wọn níbi iṣẹ́?”

“Mo ní èmi ni mo pinnu. Mi ò sọ pé mo kọ́kọ́ pè yín. Wọn á kàn wá máa yọ yín lẹ́nu, ẹ̀yin àgbàlagbà, wọn á máa pè yín wá síwájú ìgbìmọ̀. Iye yín ò níṣòro. Ìpinnu tèmi ni ò dáa.”

Mo ní, “Ọmọ mi.” Mo tún ní, “Ọmọ mi.” Lẹ́yìn náà mo sọ fún un pé ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

Mo ti sùn sórí àpò sìmẹ́ǹtì, mo ti ru yanrìn tó bọ́ mi lórí. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gba ìyà mi jẹ rí. Ohun tí mo fi ń yangàn jù nìyẹn. Ọmọ tí kò tó àbígbẹ̀yìn mi lọ́jọ́ orí ti wà nílé láti ọ̀sẹ̀ kan báyìí, ó ń gba tèmi jẹ.

Àbámẹ́ta, 27

Ìlà 3. Òjò jẹ́jẹ́ ni, kò ní atẹ́gùn. Agolo ọ̀dà náà jẹ́ 3. Irú òjò bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí n tètè fura, ṣùgbọ́n mo ti fura kó tó di pé ó ṣe nǹkan kan, nítorí náà kí n má fi ìyẹn ṣe àwáwí.

Mo ṣí ìwé ọ́fíìsì. Mi ò pa 24 rẹ́. Mo kọ 61 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 14 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 8, 52 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 21. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí n má ṣì í: 127. Nísàlẹ̀ rẹ̀ mo kọ ọ́ pé mo mọ̀ láti ọjọ́ kẹsàn-án, mo sì fọwọ́ sí i. Ìyàwó mi kà á. Ó tún ọ̀rọ̀ kan ṣe fún mi níbi tí mo ti kọ ọ́ ṣì.

Ohun tí màá ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyí.

Lọ́la Àìkú, màá lọ sí ọsibítù. Iwájú àwọn obìnrin méjèèje tó wà nínú yàrá yẹn ni màá ti sọ ọ́ fún àbúrò mi, kó má ṣe pé orí rédíò ni yóò ti gbọ́ ọ. Bó bá lé mi jáde, màá jáde. Màá tún padà lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ Ajé, màá pe Kọ́ḿpútà. Mi ò ní pè é ní orúkọ yẹn mọ́, màá béèrè èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀sán ọjọ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ mi yóò kó gbogbo búlọ́ọ̀kù kúrò láàárín àgbàlá, a ó gbẹ́ ilẹ̀, a ó ri òpó mọ́lẹ̀ níbẹ̀ de agolo, yálà wọ́n á fi í sílẹ̀ fún mi tàbí wọn ò ní fi í sílẹ̀.

Ìṣẹ́gun, màá wọ aṣọ mi tó mọ́, mi ò ní wọ èyí tó dára jù. Màá gbé ìwé méjèèjì àti agolo ọ̀dà àti rúlà lọ síwájú ìgbìmọ̀. Bí wọ́n bá bi mí ní iṣẹ́ mi, búlọ́ọ̀kù ni màá sọ. Màá ní ọmọbìnrin yìí bi mí ní ìbéèrè tó tọ́ lọ́jọ́ tó tọ́, èmi ni mo dá a lóhùn.

Ọjọ́rú, aago mẹ́fà àárọ̀, bí wọn kò bá tíì gba agolo náà, màá kà á. Bí wọ́n bá ti gbà á, màá jí, màá lọ dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀.